Táyà Ẹ̀gbọ́n Lẹ́sẹ̀ Mọ́tò Ọkọ Mi

Nígbà tí àwọn òyìnbó ń bá ara wọn jagun, táyà wọ́n ní Ọ̀tà ju iyọ̀ lọ, iyọ̀ gan-an kò sì rọ̀ wá lọ́rùn. Wọ́n ní ojú ogun ni gbogbo rọ́bà ń lọ. Ẹni tó bá ní mọ́tò, àdúrà ló fi ń gbé e jáde. Èmi kò mọ nǹkan kan nípa mọ́tò nígbà yẹn. Ìyàwó tuntun ni mí, òwú àti bọ́tìnì ni mò ń tà níwájú ṣọ́ọ̀bù ọkọ mi, tó jẹ́ télọ̀ ní Ojú-Ọrẹ. Ṣùgbọ́n mọ́tò méjì ló wà nínú ilé tí wọ́n fẹ́ mi sí, kò sì sí èyí tó pé nínú méjèèjì.

Ti ọkọ mi jẹ́ mọ́tò kékeré dúdú kan, tó rà lọ́wọ́ òyìnbó tó ń ra èkùrọ́, nígbà tí wọ́n pe onítọ̀hún lọ sójú ogun. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dára. Táyà rẹ̀ ni kò dára; ó ti jẹ tó bẹ́ẹ̀ tí ara rẹ̀ fi ń dán bí orí àgbàlagbà. Mọ́tò kejì jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, tó ń ṣòwò obì. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, obì ló máa ń fi kó lọ sí Agége. Táyà tiẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò tíì jẹ rárá, torí ó rà wọ́n kí ogun tó le. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ti kú. Wọ́n ní ohun tí wọ́n máa fi tún un ṣe wà nínú ọkọ̀ ojú omi, a kò sì gbúròó ọkọ̀ ojú omi náà mọ́. Abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé ló dúró sí, adìẹ ń yé sínú rẹ̀.

Ẹni tó bá ní làákàyè ti rí ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀. Kò lè ṣẹlẹ̀, nítorí tẹ̀gbọ́n tàbúrò kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Yàrá iwájú ilé baba wọn ló dá ìjà náà sílẹ̀. Baba kú, kò sọ ẹni tó ni ín, kálukú wọn sì sọ pé òun ló ni ín. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ti yàrá náà pa. Wọ́n ń gbé inú ilé kan, wọ́n ń kírun pọ̀, ẹ̀gbọ́n á ṣe lèmọ́ọ̀mù, ọkọ mi á tẹ̀lé e lẹ́yìn, wọ́n á bọ ara wọn lọ́wọ́ lẹ́yìn ìrun gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti wí, kálukú á sì gba yàrá tirẹ̀ lọ láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ní kí n tó dé ilé náà, ògiri ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n á sọ tirẹ̀ fún ògiri, àbúrò á gbọ́ ọ, òun náà á sì dá ògiri lóhùn. Nígbà tí mo dé, wọ́n fi ògiri sílẹ̀.

Ìyá wọn wà láyé. Awọ funfun kan ti bo ẹyin ojú rẹ̀ méjèèjì kí wọ́n tó fẹ́ mi, kò tíì rí mi rí. Dókítà kan ní ilé ìwòsàn ní Èkó ní òun lè fi ọ̀bẹ mú awọ náà kúrò lójú kan ná, ó sì dá ọjọ́ fún wa. Kò sí bí a ṣe lè mú kí Ìyá wọ rélùwéè. Ó ní ohun tí kò lè dúró kí èèyàn tọ̀, òun kò lè bá a rìn. Lọ́rí akẹ́rù, ó ní òun ti wọ̀ ọ́ rí, ẹsẹ̀ ewúrẹ́ ló wà ní itan òun láti Ìfọ̀ dé ilé. Mọ́tò ọkọ mi ló kù.

Bí ọjọ́ dókítà ṣe kù sí dẹ̀dẹ̀ ni táyà iwájú lọ́wọ́ òsì bẹ́ mọ́ ọkọ mi lábẹ́ nítòsí Ìlò-Awẹ̀là. Igbó ni gbogbo ibẹ̀ nígbà náà, ibi tí ilé-iṣẹ́ ti ń rú èéfín báyìí jẹ́ oko ẹ̀gẹ́. Àwọn àgbẹ̀ ló bá a ti mọ́tò náà dé ilé. Táyà náà ti ya láti etí dé etí, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìyá pe àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì wá sórí ẹní rẹ̀.

Ó ní, "Ojú mi kò ríran, etí mi ń gbọ́. Mo gbọ́ pé táyà wà nínú ilé yìí. Ṣé kí n fọ́jú kú torí yàrá kan?"

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí mi. Ọkọ mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí wọ́n bá na ọwọ́, wọ́n á kan ara wọn.

"Ìyàwó, sọ fún ọkọ rẹ pé mo fún un ní táyà kan. Ẹyọ kan. Ìyá ló jẹ."

Mo yíjú sí ọkọ mi. "Wọ́n ní àwọn fún yín ní táyà kan, Ìyá ló jẹ."

"Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Sọ fún wọn pé ẹyọ kan náà ló bẹ́, n kò béèrè méjì."

Mo sọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ní kí n sọ fún un pé òun náà á bá wa lọ. Ibi tí táyà òun bá ń lọ, ibẹ̀ lòun ń lọ. Àti pé òun kò ní fi mẹ́ta tó kù sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò. Ní Ṣàngó níbẹ̀ yẹn, wọ́n ti yọ gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan lọ, wọ́n sì rọra gbé ọkọ̀ náà lé orí ìtì igi kó má bàa farapa. Táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà á bá wa lọ sí Èkó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n bọ́ sí ìdí iṣẹ́. Wọ́n yọ ẹsẹ̀ kan lódindi lára ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n, táyà àti irin àárín rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ríìmù. Wọ́n gbé e dé ìdí mọ́tò kékeré. Ihò nọ́ọ̀tù mẹ́rin ni mọ́tò ọkọ mi ní, ríìmù ẹ̀gbọ́n ní márùn-ún. Ọkọ mi yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì. Ó tún gbé e dání, ó wò ó láti ẹ̀yìn. Márùn-ún ni.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Sọ fún un pé kò lè di mẹ́rin."

Mo sọ fún un.

Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe fókánáísà tó ń lẹ kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí. Bàbá náà ní kò sí wàhálà, wọn á bọ́ táyà kúrò lára ríìmù ẹ̀gbọ́n, wọn á sì wọ̀ ọ́ fún ríìmù ọkọ mi bí ẹni wọ bàtà fún ọmọ ẹlòmíràn. Ó fi irin pẹlẹbẹ gbé etí táyà, ó bu omi ọṣẹ sí i, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gìgísẹ̀. Táyà náà wọlé wọ̀ọ̀. Inú gbogbo wa dùn. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, wọ́n dè é mọ́ mọ́tò, wọ́n sọ jáàkì kalẹ̀.

Mọ́tò náà gbé èjìká òsì sókè.

Mo ní, "Ó fì."

Ọkọ mi ní tí èèyàn bá ti wọlé, á tẹ́jú. Ẹ̀gbọ́n ní kí n sọ fún un pé kò ní tẹ́jú. Ọkọ mi ní kí n sọ fún wọn pé òun ti gbọ́. Fókánáísà ń kó irin rẹ̀ sínú àpò. Mo bi í pé ṣé ó dára báyẹn. Ó ní, "Ó ti wọlé, ìyàwó." Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ. Èmi náà rò ó pé ohun tó bá ti wọlé ti gbà nìyẹn.

Lẹ́yìn ìrun àsùbáà lọ́jọ́ tí dókítà dá, a wọ mọ́tò. Ọkọ mi di ìtọ́kọ̀ mú, tẹ́ẹ̀pù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, kì í yọ ọ́ bí kò bá fẹ́ sùn. Ẹ̀gbọ́n jókòó tì í níwájú, ó ń wo igbó. Èmi àti Ìyá wà lẹ́yìn pẹ̀lú táyà mẹ́ta tí wọ́n ti bọ́ kúrò lára ríìmù. Ọ̀kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo gbé ọ̀kan lé itan. Òórùn rọ́bà gba gbogbo inú mọ́tò.

A kò tíì kọjá Ojú-Ọrẹ tí Ìyá fi bẹ̀rẹ̀.

"Ìyàwó, ṣé orí òkè la wà ni?"

"Rárá, Ìyá. Ilẹ̀ tẹ́jú."

"Kí ló wá dé tí mo fi ń ṣubú lù ọ́?"

Ọ̀tún ni mo wà, Ìyá wà lósì, níbi tó ga. Gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá ti bọ́ sínú kòtò ló ń yọ́ wá sọ́dọ̀ mi, tí mo sì ń fi èjìká tì í padà. Ọkọ mi kò ráyè tiwa. Ó fi ọwọ́ méjèèjì fa ìtọ́kọ̀ sósì bí ẹni tó ń fa màlúù tí kò fẹ́ lọ. Ọwọ́ òsì ni gbogbo ọkọ̀ ń tọ̀ lójú títì nígbà náà, kó tó di pé wọ́n yí i padà, ṣùgbọ́n ọ̀tún ni mọ́tò yìí ń wá. Bó bá gbàgbé díẹ̀, a ti wà láàrin títì. Nígbàkígbà tó bá sì yí ìtọ́kọ̀, nǹkan kan á máa ha lábẹ́ mọ́dígáàdì, irin tó bo ẹsẹ̀ iwájú: wẹ̀ẹ́, wẹ̀ẹ́, wẹ̀ẹ́.

"Ìyàwó," ẹ̀gbọ́n ní, ojú rẹ̀ ṣì wà lára igbó, "bi ọkọ rẹ pé kí ló ń ké."

"Wọ́n ní kí ló ń ké."

"Sọ fún wọn pé táyà wọn ni."

A kọjá Ṣàngó. A ń sún mọ́ Alákukọ nígbà tí ọkọ̀ àwọn sójà kan yọ níwájú, ó ń bọ̀ láti apá Agége, ó sì ń sáré. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni ẹsẹ̀ òsì wa bọ́ sí kòtò, ó fò jáde, mọ́tò náà sì gba ọ̀tún lọ tààrà síwájú ọkọ̀ sójà.

Ẹ̀gbọ́n pariwo, "Fà á sósì! Fà á!"

"Mò ń fà á!"

"Fà á dáadáa!"

"Ẹ bá mi fà á!"

Ẹ̀gbọ́n di ìtọ́kọ̀ mú, àwọn méjèèjì jọ fà á. Ọkọ̀ sójà fẹ́ atẹ́gùn lù wá, ó kọjá, wọ́n bú wa ní èdè kan tí n kò gbọ́. Mọ́tò wa wọ inú koríko, ó dúró. Mo gbá táyà orí itan mi mọ́ra bí ọmọ ìkókó.

Ìyá ní, "Ta ló sọ̀rọ̀ yẹn?"

"Ọmọ yín ni, Ìyá."

"Èwo nínú wọn?"

"Àwọn méjèèjì ni."

Ìyá ń fọwọ́ wá gèlè rẹ̀, tó ti bọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, èéfín ń yọ níbi ẹsẹ̀ iwájú. Etí mọ́dígáàdì ti gé ìlà sí ara táyà ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà náà yíká. Mo dúró, mo ń retí kó pè mí, kí n lè sọ ohun tó bá fẹ́ kí n sọ. Kò pè mí.

Ó ní, "Ìwọ, wá wo nǹkan."

Ọkọ mi wò mí. Mo wo ilẹ̀. Ó lọ, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Wọ́n ń wo nọ́ńbà tó wà lára táyà. Kò sí ẹni tó kà á rí nínú wọn. Dúdú lórí dúdú ni, eruku sì bò ó. Ẹ̀gbọ́n fi itọ́ nù ún. 6.50–16 ni wọ́n kọ sí ara tiẹ̀. Wọ́n lọ wo táyà kékeré tó wà lọ́tùn-ún: 5.00–16.

Ẹ̀gbọ́n ní, "Mẹ́rìndínlógún ni méjèèjì. Ìyẹn ló ṣe wọlé."

Ọkọ mi yọ tẹ́ẹ̀pù lọ́rùn. Ó ní kí n gbé ọ̀kan nínú àwọn táyà inú mọ́tò wá, ó fi tẹ́ẹ̀pù dá inú rẹ̀, láti etí dé etí, níbi tí ríìmù ń jókòó sí. Íǹṣì mẹ́rìndínlógún ló bá. Ó wá wọn bí ara táyà náà ti sanra tó, ó tún lọ wọn ti kékeré. Lẹ́yìn náà ó wọn gíga àwọn méjèèjì láti ilẹ̀. Ti ẹ̀gbọ́n fi íǹṣì méjì àti ààbọ̀ ga ju tiwa lọ. Ó dìde, ó ń wo tẹ́ẹ̀pù.

Ó ní, "Ìbàdí sòkòtò ni mẹ́rìndínlógún yìí. Ìbàdí bá a mu. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni itan. Bí itan sì ṣe ń tóbi ló ń ga. A wọ ẹsẹ̀ sòkòtò ńlá fún un lósì, a wọ kékeré fún un lọ́tùn-ún."

Ẹ̀gbọ́n ní, "Ó wá ń tiro."

"Ó ń tiro. Ẹsẹ̀ tó kúrú ló sì ń fà á lọ sọ́tùn-ún."

"Bó bá jẹ́ pé mẹ́tàdínlógún ni tèmi ńkọ́?"

"Kò ní di ríìmù mú rárá. Á máa yí kiri lára rẹ̀ bí sòkòtò tí kò ní okùn."

Ẹ̀gbọ́n rò ó. Ó ní nínú iṣẹ́ obì, ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá dọ́gba lọ́tùn-ún àti lósì, kò sí bí èèyàn ṣe lè wà á. Ṣùgbọ́n òun ti rí akẹ́rù tí tẹ̀yìn rẹ̀ ga ju tiwájú lọ, ó sì ń rìn. Ẹ̀yìn kì í yí sọ́tùn-ún sósì, àyè sì pọ̀ lábẹ́ mọ́dígáàdì ẹ̀yìn mọ́tò yìí. Kí wọ́n kó ńlá méjì sẹ́yìn, kí wọ́n kó kékeré méjì tó dára jù síwájú.

Ọkọ mi ní, "Ẹyọ kan lẹ fún mi."

Ẹ̀gbọ́n wò ó títí. "Mú méjì."

Wọ́n ṣe é fúnra wọn. A kó gbogbo táyà sílẹ̀ sínú koríko, mo tẹ́ ẹní fún Ìyá lábẹ́ igi, ó ń bi mí pé ibo la dé. Wọ́n yá irin pẹlẹbẹ lọ́wọ́ akẹ́rù kan tó ń kọjá, onítọ̀hún sì dúró wò wọ́n nítorí kò fẹ́ kí irin rẹ̀ sọnù. Bíbọ́ rẹ̀ rọrùn, wíwọ̀ rẹ̀ ni wàhálà, torí kò sí omi ọṣẹ. Omi àlùwàlá tí a gbé dání ni wọ́n lò, wọ́n wá fi iyẹ̀pẹ̀ ṣe tàyámọ́mù nígbà tí ìrun àìlà tó. Ẹ̀gbọ́n ṣe lèmọ́ọ̀mù. Lẹ́yìn ìrun, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, ọwọ́ méjèèjì sì dúdú fún gírísì. Ni wọ́n bá tún bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn lórí ẹni tó máa fẹ́ atẹ́gùn, nítorí póńpù kẹ̀kẹ́ ló wà lọ́wọ́ wa.

Nígbà tí a gbéra, mọ́tò náà lọ tààrà. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ga, imú rẹ̀ sì dojú kọ ilẹ̀.

Ìyá ní, "Ìyàwó, ṣé à ń sọ̀ kalẹ̀ ni?"

"Rárá, Ìyá. Ilẹ̀ tẹ́jú."

"Ó dára. Èyí sàn."

Ọwọ́ tó ń fi eré mọ́tò hàn níwájú ọkọ mi kò tún sọ òótọ́ mọ́. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ kíyè sí i. Ó ní bí ẹsẹ̀ bá tóbi, ìgbésẹ̀ á gùn, mọ́tò kò sì mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ òun. A ń sáré ju bó ṣe rò lọ. Ọkọ mi ní kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ja ọ̀rọ̀ yìí títí dé Èkó. Láti ìgbà tí mo ti wọ ilé wọn, n kò rí ọjọ́ tí a kò rán mi níṣẹ́ tó báyìí. Mo sùn.

Dókítà ti lọ sílé kó tó di pé a dé. A sùn ní ilé ìbátan kan, wọ́n sì gba Ìyá wọlé láàárọ̀. Wọ́n mú awọ ojú ọ̀tún kúrò, wọ́n fi báńdéèjì dì í, ó dùbúlẹ̀ gbalaja fún ọjọ́ púpọ̀, ó ń bínú sí òrùlé tí kò rí. Èmi ni mo dúró tì í. Ọjọ́ tí wọ́n tú u, ó kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wò mí.

Ó ní, "Ìwọ ni ìyàwó?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Mo rò pé o ga jù báyìí lọ." Ó di ọwọ́ mi mú, kò sì fi í sílẹ̀ títí oúnjẹ fi dé. Mo yíjú sí ojú fèrèsé, nítorí n kò fẹ́ kó jẹ́ pé ẹkún ló kọ́kọ́ rí lójú mi.

Nígbà tí a padà sí Ọ̀tà, ó ní kí wọ́n ṣí yàrá iwájú fún òun. Wọ́n ṣí i. Ikán ti jẹ férémù ilẹ̀kùn, òjò ti wọ igun kan. Ó wo inú rẹ̀ láti ọ̀tún dé òsì.

"Èyí náà ni?"

Ó ní kí wọ́n gbá a, kí wọ́n sì kó ẹní òun wá síbẹ̀. Òun ló sùn nínú yàrá náà títí ọlọ́jọ́ rẹ̀ fi dé, lẹ́yìn ogun. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò di ọ̀rẹ́. N kò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ ilé, ọ̀rọ̀ ogún, ọ̀rọ̀ baba wọn, wọn kò dá a sílẹ̀ láàrin ara wọn mọ́. Ọ̀rọ̀ táyà nìkan ni wọ́n ń bá ara wọn sọ, ṣùgbọ́n ó gùn.

Ìròyìn ti tàn ká pé télọ̀ Ojú-Ọrẹ máa ń wọn táyà. Àwọn tó ní ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá láti Ìfọ̀ àti Ìlò-Awẹ̀là, wọ́n á ru táyà tí wọ́n rí rà lórí, wọ́n á wá bi í bóyá á bá ọkọ̀ wọn mu. Ẹ̀gbọ́n á fi iṣẹ́ obì sílẹ̀, á gbé àpótí wá síwájú ṣọ́ọ̀bù. Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin kan gbé mẹ́tàdínlógún wá fún ríìmù mẹ́rìndínlógún. Ọkọ mi wọ̀n ọ́n, ó ní kò gbà.

Ọkùnrin náà ní, "Tí mo bá fi okùn dè é ńkọ́?"

Ọkọ mi wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo táyà náà fún ìgbà pípẹ́.

Ó ní, "Ibo lò ń lọ?"

"Abẹ́òkúta."

"Tètè gbéra," ẹ̀gbọ́n ní. "Ẹsẹ̀ lo máa fi rìn ín."